Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Á Máa Kọ́ Ọmọ Kékeré Wa Nílé?

Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn olùkọ́ ọmọdé

Bíbélì kíkà: Deuteronomi 6:4–9, Eksodu 2:1–10, 1 Samueli 2:18–20, Luku 14:28–30, 2 Timoteu 1:5.

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lé ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń di àríyànjiyàn láàárín tọkọtaya nígbà tí ọmọ bá ti ń tó ilé-ìwé í lọ. Ṣé dandan ni kí á mú un lọ fún olùkọ́? Ṣé àwa fúnra wa kò lè jókòó kọ́ ọ nílé, ní èdè wa, lábẹ́ ojú wa, nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló ń bèèrè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wò ó.

1. IRÚ ÌDÍLÉ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN

Ẹ jẹ́ kí á fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ, kí wọ́n máa gbé ní abúlé kan lójú ọ̀nà tó ti Savalou lọ sí Bantè. Bàbá ń gbin iṣu, ó sì ní oko kajú. Ìyá ń yan gàrí, ó ń gbé e lọ sọ́jà. Èdè Ìṣà ni wọ́n ń sọ nílé. Ọmọ wọn àkọ́kọ́ wọ CI, ó sì bá èdè Faransé pàdé lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀. Ó dé CP, ó tún un ṣe, ó sú u. Nígbà tí àkókò kajú dé, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, kò sì padà sí kíláàsì mọ́ títí di òní.

Wàyí o, èkejì rẹ̀, ọmọbìnrin, ti pé ọdún 5. Kò sí jẹ́lé-ó-sinmi ní abúlé náà. Bàbá ní: “Èyí kò ní lọ jókòó lásán bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ ìyá rẹ̀ kàwé dé CM2, kọ́ ọ nílé.” Ìyá dáhùn pé: “Baálé mi, ẹ gbọ́ ná. Èmi tí mo ń yan gàrí láti ìdájí, ìgbà wo ni n ó kọ́ ọ? Bí mo bá sì kọ́ ọ tán, ta ni yóò fún un ní sàtífíkéètì?”

Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ sọ? Bàbá ń wo ọmọ tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá ń wo ọjọ́ iwájú èyí tó kù. Kò sí ọ̀tá ọmọ nínú wọn. Ohun tí à ń wá ni ọ̀nà tí ìfẹ́ wọn yóò gbà di ire fún un.

2. OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN WÁ

Nínú Deuteronomi, ọwọ́ òbí ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ẹ̀kọ́ sí. Nígbà tí a bá jókòó nílé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá fẹ́ sùn àti nígbà tí a bá jí, gbogbo rẹ̀ ni wákàtí ẹ̀kọ́. Kò sí òbí tó lè sọ pé, “Èmi ti san owó ilé-ìwé, ó parí.” Àwọn bàbá wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n ẹ tún kíyèsí àwọn ọmọ tí Bíbélì dárúkọ. Mósè wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kékeré, ọmọbìnrin Fáráò sì ń san owó ọ̀yà fún ìyá náà láìmọ̀ pé òun ló bí i. Lẹ́yìn náà, Mósè lọ sí ààfin, ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́stélì (7:22) sì jẹ́rìí pé ó kọ́ gbogbo ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì. Síbẹ̀, nígbà tó dàgbà, ó mọ àwọn tí í ṣe ará rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ààfin kò pa ẹ̀kọ́ ilé rẹ́.

Hánà kò gòkè lọ sí Ṣílò títí ó fi gba ọmú lẹ́nu Sámúẹ́lì. Nígbà tí àkókò tó, ó mú un lọ fún Élì. Ṣé ó wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀? Rárá o. Lọ́dọọdún ló ń dá aṣọ àwọ̀lékè kékeré fún un, tó sì ń gbé e lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rán sùtánà fún ọmọ yín, ẹ̀yin mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tó ń rán aṣọ fún ọmọ lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ mọ bí ọmọ náà ti ga tó. Hánà fi ọmọ sílẹ̀ fún olùkọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Tímótíù gba ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ Lóísì ìyá-ìyá rẹ̀ àti Yúníìsì ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀lé Pọ́ọ̀lù. Jésù Olúwa wa fúnra rẹ̀, ní ọmọ ọdún 12, jókòó láàárín àwọn olùkọ́ ní tẹ́ńpìlì, ó ń gbọ́, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà sí Násárétì.

Kí ni a rí kọ́? Ilé ló kọ́kọ́, ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́. Nínú gbogbo wọn, ilé kọ́kọ́ fi ìdí ọmọ múlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọmọ bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn, tí ilé kò sì dẹ́kun iṣẹ́ tirẹ̀.

3. OHUN TÍ ÒFIN ÌLÚ WÍ

Àwọn àgbà àárín wa rántí ọdún 1975, nígbà tí ìjọba ìgbà náà dá Ilé-Ìwé Tuntun sílẹ̀, tó sì gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ Ọlọ́run nígbà náà, ilé àti ìjọ ló ti ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990, nǹkan yí padà. Òfin-ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ní abala 13 pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan. Abala 14 gba àwọn ìjọ láyè láti ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọmọ, kí wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀, bí ìjọba bá fọwọ́ sí i tó sì ń bójú tó o. Láti ọdún 2006, ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba.

Òfin kò rí bákan náà káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ ọ́ di ojúṣe òbí láti rí i pé ọmọ lọ sílé-ìwé. Ní Jámánì, wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí òbí fi ilé rọ́pò ilé-ìwé rárá. Ní Faransé, òfin ti oṣù kẹjọ ọdún 2021 sọ pé láti ọdún ẹ̀kọ́ 2022, òbí tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1996 fún òbí láyè láti kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló gbà á, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀. Nítorí náà, kí ará wa tó ń gbé ní London má ṣe ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Bantè pé, “Yọ ọmọ rẹ kúrò nílé-ìwé, àwa náà ń kọ́ tiwa nílé.” Ohun tí òfin gbà níbẹ̀, òfin ibí lè má gbà á. Ẹni tí ọ̀ràn bá ká mọ́, bí ọmọ tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè rìn lọ sí kíláàsì, kí ó kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó má ṣe fi ọmọ pamọ́ sílé.

4. Ọ̀RỌ̀ ÈDÈ: OHUN TÍ BÀBÁ RÍ

A kò gbọdọ̀ gbójú fo ohun tí bàbá yìí rí. Ọmọ tó ń gbọ́ Ìṣà ní Bantè, tàbí Ifẹ̀ ní ìhà Tchetti, tàbí Máhì ní Savalou, kì í ṣe òpè nítorí pé kò gbọ́ Faransé. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan kan wò ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Ilé-Ifẹ̀. Fún ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ohun gbogbo, àwọn ọmọ Yorùbá wọ̀nyí kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀kọ́ tó bá wọlé nípa èdè ìyá a máa ṣí ọ̀nà fún èdè kejì.

Ẹ jẹ́ kí á fi nǹkan méjì hàn yín tí òbí lè ṣe nílé láìná owó.

Èkíní, ìkà. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ebè, ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ bá wá sọ “quatre-vingts”, ẹ̀rù kò ní bà á, nítorí ogún mẹ́rin kan náà ni Faransé ń wí. Àwọn ọmọ tí a kò sọ fún ló máa ń rò pé idán ni.

Èkejì, lẹ́tà. Ìwé orin tó ti Nàìjíríà wá ń kọ ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì nísàlẹ̀; ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti Benin ń kọ ɛ àti ɔ. Ohùn kan náà ni. Ohun tí ìwé Nàìjíríà kọ ní p, Benin ń kọ ọ́ ní kp, bí ó ti wà nínú orúkọ Akpassi àti Kpataba. Yorùbá ti ìwé orin ní lẹ́tà 25, Faransé ní 26. C, q, v, x àti z kò sí nínú tiwa. Ọmọ tó ti fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ abúlé rẹ̀ mọ lẹ́tà kò ní jókòó sẹ́yìn kíláàsì máa wo ẹnu olùkọ́.

5. Ẹ KỌ́KỌ́ ṢÍRÒ OHUN TÍ YÓÒ NÁ YÍN

Olúwa wa sọ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́, tí ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ nílé, kí òun náà jókòó kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin.

(a) Ta ni yóò máa kọ́ ọ lójoojúmọ́? Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Covid ti ilé-ìwé pa, gbogbo ilé di kíláàsì lójijì. Ọ̀pọ̀ òbí ló rí i pé ìfẹ́ nìkan kì í kọ́ni níwèé. Ó ń bèèrè àkókò, sùúrù àti ìmọ̀. Bí ìyá bá wà nídìí gàrí, tí bàbá wà lóko, ẹ̀kọ́ ọmọ wà lọ́wọ́ ta ni?

(b) Ṣé ẹ̀kọ́ ni ní tòótọ́, àbí iṣẹ́ oko? Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Ọmọ tí a ní à ń kọ́ nílé, tó wá ń ṣa kajú láti òwúrọ̀ dé alẹ́, a kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. A kàn rí òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ọmọbìnrin ni a sì sábà máa ń kọ́kọ́ fi jìyà èyí: òun ló ń gbé àbúrò pọ̀n, òun ló ń pọn omi. Ilé-ìwé mìíràn tilẹ̀ ń fún ọmọ ní oúnjẹ ọ̀sán, nítorí láti ọdún 2017 ni ètò oúnjẹ ilé-ìwé ti ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó jókòó sílé pàdánù ìyẹn náà.

(d) Àwọn ta ni yóò máa bá ṣeré? Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń dúró de ẹlòmíràn, bí a ti ń pín nǹkan, bí a ti ń jà tí a sì ń parí ìjà.

(e) Níbo ni ọ̀nà náà yóò já sí? Ìdánwò CEP wà ní òpin CM2, òun sì ni ìlẹ̀kùn ilé-ìwé gíga. Ìwé-ẹ̀rí ìbí sì ni wọ́n máa ń bèèrè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún un. Ìyá inú àpẹẹrẹ wa mọ ohun tó ń sọ nígbà tó bèèrè sàtífíkéètì. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò tíì ní ìwé-ìbí, ẹ má ṣe dúró di CM2.

6. Ọ̀RỌ̀ ÌRAN

A kò gbọdọ̀ fi èyí bò. Nínú ìjọ aláṣọ funfun, a lè ríran sí òbí pé kí ó ṣọ́ ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀tá. Òbí mìíràn a wá túmọ̀ rẹ̀ pé ilé-ìwé ni ọ̀tá wà, a sì yọ ọmọ kúrò. Ẹ̀yin ará, ìran tó ní kí á gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Bí ó bá ní kí á gbààwẹ̀, ẹ jẹ́ kí á gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí kò sọ kún èyí tí Ó sọ. Ààfin Fáráò, ilé ẹni tó pàṣẹ pé kí á pa àwọn ọmọkùnrin Hébérù, ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti dá Mósè sí. Ẹni tó pa á mọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ lórí omi lè pa ọmọ yín mọ́ nínú CI. Bí ohun kan bá ń dẹ́rù ba ọmọ nílé-ìwé, bí ó bá ń sunkún kí ó tó lọ, ẹ lọ wádìí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń nà án, ó lè jẹ́ pé kò ríran dáadáa sí pátákó. Àdúrà àti ìwádìí kì í bá ara wọn jà.

7. ÌPINNU TÓ YẸ ÌDÍLÉ WA

Kí ni kí ìdílé yìí ṣe? Ìmọ̀ràn wa nìyí. Ibi tí jẹ́lé-ó-sinmi bá wà nítòsí, ẹ mú ọmọ lọ. Ibi tí kò bá sí, bí ní abúlé tiwọn, kí ọdún kan tó kù kí ọmọ tó wọ CI ní nǹkan bí ọdún 6 di ọdún ẹ̀kọ́ nínú ilé, kí gbogbo ilé sì pín iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí ìyá fi nǹkan bí ìdajì wákàtí kọ́ ọ ní lẹ́tà lórí síléètì, kí ó tó lọ sídìí gàrí. Kí ó má pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ọdún 5 kò lè jókòó pẹ́. Lóko, kí bàbá kọ́ ọ ní ìkà pẹ̀lú ebè àti iṣu. Lọ́jọ́ ọjà, kí ó mọ owó ẹyọ, kí ó mọ ṣẹ́ńjì. Lálẹ́, kí ìyá àgbà pàlọ́ fún un, kí ọmọ náà sì tún un pa. Kí ìyá fi ọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀díẹ̀ sí i: ìkíni, orúkọ ẹ̀yà ara, “jókòó”, “dìde”, “mo fẹ́ yà sí ẹ̀yìn ilé.” Ọmọ tó mọ bí a ti ń tọrọ àyè láti jáde ti bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú ńlá. Lọ́jọ́ ìsinmi, kí ó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ọmọdé ti ìjọ.

Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n mú un lọ, kí bàbá pàápàá tẹ̀lé wọn, kí ó mọ olùkọ́ lójú. Kí ẹ̀kọ́ ilé má sì dúró. Lálálẹ́, kí wọ́n bi í pé, “Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?” kí ó sì sọ ọ́ ní èdè Ìṣà. Ohun tí kò bá lè sọ ní èdè rẹ̀, kò tíì yé e. Ìyẹn ni aṣọ kékeré tí Hánà ń gbé lọ sí Ṣílò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ńkọ́, èyí tó wà lóko? Ẹ má ṣe sọ pé tirẹ̀ ti bọ́. Kí òun náà jókòó ti síléètì àbúrò rẹ̀, kí bàbá sì lọ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé bóyá wọ́n lè gbà á padà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ọmọ méjì sì ni Ọlọ́run fún wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Mósè, Sámúẹ́lì àti Tímótíù rí gbà nílé, kí ni wọ́n sì rí gbà níta?
2. Ọmọ mélòó ni kò ní ìwé-ìbí nínú ìjọ wa? Ta ni yóò tẹ̀lé àwọn òbí wọn lọ ṣe é?
3. Ta ni nínú ìjọ wa tó mọ ìwé, tó lè fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ ran àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ CI lọ́wọ́?
4. Ọmọ wo ni ẹ mọ̀ tó ti kúrò ní kíláàsì? Kí ni a lè ṣe kó tó di oṣù kẹsàn-án?

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ tí O fi ọmọ sí ọwọ́ wa, fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi tọ́ wọn. Má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù wa ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn, má sì ṣe jẹ́ kí àìbìkítà wa tì wọ́n sóde. Bùkún olùkọ́, bùkún òbí, bùkún àwọn ọmọ Bantè àti Savalou. Mú èyí tó ti yà kúrò lọ́nà padà wá. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín.